Ọmọ Tí A Sọ Lórúkọ Tí A Kò Kọ Sílẹ̀: Ọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Ìlú ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Báyìí ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Àwórì, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó, ọmọ kan wà tí a sọ ní orúkọ ní ọdún 2003, tí a gbé àga fún, tí a dé ní fìlà, tí a fún ní akọ̀wé àti awakọ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tí ì wọ inú ìwé tí ó yẹ kí ó wà. Ọmọ náà ni ìgbìmọ̀ ìlú ti Ìbà. Ó ní èkejì, èyí ni ti Ọ̀tọ̀-Àwórì, tí ó fi Ìjánikin ṣe ibùjókòó. Ìyá tí ó bí àwọn méjèèjì ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, èyí tí a gé kúrò lára Àgbádárìgì ní ọdún 1989. Ìyá nìkan ni òfin mọ̀. Àwọn ọmọ ń rìn kiri ìgboro láìní ìwé ìbí.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú ọ̀ràn yìí ni pé, nínú iṣẹ́ tí Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé lé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí a yàn láti kọ ìbí ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kò tí ì rí ẹni kọ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rín lásán ni ọ̀ràn náà, à bá rín in tán kí a sì máa bá ọ̀nà wa lọ. Ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, àṣẹ wà nínú rẹ̀, ìlera àwọn ọmọ wa sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe mú un wá sí iwájú ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú tí ẹ ń ka ìwé oṣooṣù yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí pa á kò lè mọ ibi tí ó ti dá. Òfin Ìpìlẹ̀ ka ìjọba ìbílẹ̀ 768 sí inú àwọn ìpínlẹ̀ 36, ó fi mẹ́fà kún un ní Àbújá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 774. Nínú rẹ̀, 20 péré ni ti Èkó. Ìpínlẹ̀ Kánò ní 44. Jìgáwá, tí a yọ kúrò lára Kánò ní ọdún 1991, ní 27. Bí a bá da Kánò àti Jìgáwá pọ̀, 71 ni wọ́n ní, Èkó sì dúró sí 20. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní wí pé a rẹ́ Èkó jẹ? Ní ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 598,071 ènìyàn ní Ọ̀jọ́ nìkan. Ìjọba Èkó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀, ó sì rí 941,523. Èyí ó wù kí á gbà nínú méjèèjì, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo kò lè bójú tó irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti Àlàbá títí dé Ìjánikin, àti láti Ìbà títí dé Ìrèwè tí ó wà lórí omi.

Nítorí náà ni Gómìnà Bọ́lá Tinúbú àti Ilé Aṣòfin Èkó ṣe ṣe òfin ní ọdún 2002, tí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tuntun 37 sílẹ̀ ní ọdún 2003, kí gbogbo rẹ̀ lè di 57. A kò bá wọn wí nítorí èyí. Ẹni tí ilé rẹ̀ kún tí ó fi yàrá kún un kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ọwọ́ mú owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, ọ̀ràn sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2004, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní Ààrẹ kò ní àṣẹ láti di owó náà mú. Wọ́n sì ní Èkó ní ẹ̀tọ́ láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tí ì parí àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá kọ orúkọ wọn sí inú Òfin Ìpìlẹ̀. Ẹjọ́ náà tọ́, ó sì yé ọmọdé: a ti lóyún, a kò tí ì bí.

Lẹ́yìn ẹjọ́ yìí, kí ni a ṣe? Èkó sọ àwọn 37 náà ní àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní LCDA, a sì ń bá a lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń wí fún wa pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà ní Àbújá kì í ṣe ti Èkó, pé ọ̀tá ni kò jẹ́ kí orúkọ wa wọ inú ìwé. A gbà. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba ní Èkó ti gba ìjọba ní Àbújá pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ẹni tí ó dá àwọn ìgbìmọ̀ 37 wọ̀nyí sílẹ̀ ti jókòó lórí àga Ààrẹ. Bàbá ọmọ ni ó di olórí ìlú, ọmọ kò sì tí ì ní ìwé. Ní ọdún 2025 àbá kan dé Ilé Aṣojú-ṣòfin tí yóò sọ 774 di 811, kí àwọn 37 náà lè wọlé. A yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àbá kì í ṣe òfin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́sọ́nà kì í ti í ṣe ìgbéyàwó. A bi àwọn aṣojú wa láti ìhà Ọ̀jọ́ àti Àgbádárìgì léèrè níhìn-ín, ní gbangba: ọ̀tá wo ni ó kù nísinsìnyí?

Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni ìwé fẹ́ fi ṣe? Alága wà ní Ìbà, ó ní ọ́fíìsì, ó ń san owó oṣù.” Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ kò tí ì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, adájọ́ méje ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ pé gómìnà kankan kò gbọdọ̀ máa gba owó ìjọba ìbílẹ̀ pa mọ́ mọ́, pé kí owó náà máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ rere ni, a sì kí àwọn adájọ́ náà. Ní oṣù keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn ìgbìmọ̀ ṣì ń retí owó tààrà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbà pé yóò dé. Tí ó bá dé, ẹnu ọ̀nà ta ni yóò kàn? Ìwé tí a ó fi pín in ni Òfin Ìpìlẹ̀, Ọ̀jọ́ ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ́ ni yóò gba owó ilé mẹ́ta. Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì yóò wá na ọwọ́ sí i, bí ọmọ tí ń retí kí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé.

Wọn yóò dá wa lóhùn pé Èkó ní òfin tirẹ̀ tí ń pín owó náà láàárín 57, pé a kò jẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni. A mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ojú rere fún ni, ojú burúkú lè gbà á. Bí alága Ọ̀jọ́ àti alága Ìbà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà lónìí, ta ni ó búra pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́la? Ní ọjọ́ tí wọ́n bá jà, òṣìṣẹ́ Ìbà ni yóò ṣiṣẹ́ láìgba owó, aláboyún tí ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré ni yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Ilé tí a kọ́ sí orí ọ̀rẹ́ kò ní ìpìlẹ̀. Orí òfin ni à ń kọ́ ilé ìlú sí.

Ó dára kí á wo ẹ̀yìn ẹnubodè. Ojú ọ̀nà tí ó gba iwájú Okokomaiko kọjá ni ó lọ sí Sèmè, ní ilẹ̀ àwọn ará wa ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí a ń pè ní Dàhòmì látijọ́. Àwọn náà pín orílẹ̀-èdè wọn sí ìgbìmọ̀ ìlú, 77 ni iye wọn, Sèmè-Kpodji sì jẹ́ ọ̀kan. Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò àkọ́kọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2002, ní àkókò kan náà tí àwa ń múra láti dá tiwa sílẹ̀. A kò wí pé wọn kò ní ìṣòro tiwọn. Ohun tí a wí ni pé kò sí ọ̀kan nínú 77 náà tí a lè bi léèrè pé, “Ta ni ó bí ọ?” Orílẹ̀-èdè tí kò tó Èkó ní iye ènìyàn mọ̀ pé ìwé ni ó ń ṣáájú àga.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi gbogbo ẹ̀bi lé Àbújá àti Ìkẹjà lórí, a purọ́. Èyí tí ó kù wà ní ọ̀dọ̀ wa, a ó sì sọ ọ́ bí ó tilẹ̀ korò.

Báwo ni ìgbìmọ̀ ìlú ti yẹ kí ó rí? Òfin wí pé kí ará ìlú dìbò yan alága, kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì yan káńsẹ́lọ̀ kan. Alága ni ó ń ṣe iṣẹ́, káńsẹ́lọ̀ ni ó ń yẹ iṣẹ́ náà wò. Káńsẹ́lọ̀ ni ó yẹ kí ó wí pé, “Alága, owó gọ́tà tí o gbà ní oṣù tí ó kọjá dà?” Bí ẹnu káńsẹ́lọ̀ bá di, ìgbìmọ̀ ti di agbo ilé alága. Kí ni a rí ní Èkó? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2014 títí di oṣù keje ọdún 2017, kò sí ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn rárá. Àwọn tí gómìnà yàn ni ó jókòó síbẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ni a ṣe onígbọ̀wọ́ fún, ó sì tó ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án tí a fi jẹ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀kọ. Àwọn ọlọ́lá ìlú Ọ̀jọ́, mélòó nínú wa ni ó pariwo? Mélòó nínú wa ni ó kọ ìwé kan ṣoṣo?

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025 a tún dìbò. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo gba alága 57 nínú 57. Nínú káńsẹ́lọ̀ 376, ó gba 375. A kò wí pé a jí ìbò; àwa kì í ṣe ilé ẹjọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ pátápátá ni gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: nínú ilé tí bàbá, ìyá, ọmọ àti àlejò ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan, ta ni yóò wí pé ọbẹ̀ kò ní iyọ̀? Àjọ tí ó ṣètò ìdìbò náà, LASIEC, gómìnà ni ó ń yan alága àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ní ẹṣin ni ó yan adájọ́ eré ìje. Òfin náà kò burú ní Èkó nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Odùduwà ni ó máa ń fọ́nnu pé àwa ni a kọ́kọ́ mọ ìwé. Kí ni a fi ìwé náà ṣe?

Àwọn baba wa kò mọ àpótí ìbò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń dá ọwọ́ ọba dúró. Kò sí ọba Àwórì tí ó ń dá ìlú ṣe láìsí ìwàrẹ̀fà, láìsí Òṣùgbó, láìsí àwọn olórí ìdílé àti ìyálọ́jà. Ọba tí kò bá gbọ́ tiwọn, ó mọ ohun tí ń bọ̀. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá sọ ọba di aláṣẹ kan ṣoṣo, tí owó-orí ń gba ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òyìnbó nìkan ni ó ń jíhìn fún. Ẹ rántí ohun tí ó tẹ̀lé e ní Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ọjà, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní iwájú wọn, dìde ní ọdún 1947 lórí owó-orí, wọ́n ní kí a ka owó fún àwọn kí àwọn tó san. Ní oṣù kìíní ọdún 1949 Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe èyí kì í ṣe agbẹjọ́rò. Aláta ni wọ́n, aláṣọ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju ìbéèrè kan lọ: owó wa dà?

Èkó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1950 ni Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó yan Dókítà Ìbíyinká Olọ́runnímbẹ ṣe olórí ìlú, òun sì ni ẹni kan ṣoṣo tí Èkó pè ní Méyọ̀ rí. Nígbà tí ariwo pọ̀ lórí bí iṣẹ́ ti ń lọ, a yan olùwádìí kan, Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ ìwé ìgbìmọ̀ náà wò, a sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1953 kí gbogbo ènìyàn lè kà á. A kò wí pé kí á tún lọ mú òyìnbó wá. Ohun tí ó dùn wá ni pé ìjọba àjèjì, tí kò fẹ́ràn wa, tẹ ìwé ìṣirò ìlú jáde fún wa, ìjọba tiwa kò sì ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ọ̀rọ̀ Okokomaiko. Ẹni tí ó bá ti Mile 2 ń bọ̀, yóò kọjá ibi ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí a ṣí ní ọdún 1977, yóò kọjá ọ̀nà Àlàbá níbi tí gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń ra ẹ̀rọ, yóò kọjá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, yóò rí Ìyànà-Ìbà, kí ó tó wọ Okokomaiko. Ìlú wo ni ó ní irú ọrọ̀ báyìí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan? Síbẹ̀, nígbà tí òjò bá rọ̀, ẹni tí ó wà ní àdúgbò inú lọ́hùn-ún ni yóò bọ́ bàtà sí ọwọ́ kí ó tó dé ilé. Onílé ń dá owó ra yanrìn, onílé ń dá owó ra wáyà iná, onílé ń dá owó gba ọdẹ. A ti sọ ara wa di ìgbìmọ̀ ìlú láìgba owó ìgbìmọ̀.

Nígbà tí a bá sì fẹ́ bínú, ibi tí kò yẹ ni a ń bínú sí. Gbogbo ènìyàn ń bú ìgbìmọ̀ nítorí ojú ọ̀nà Àgbádárìgì tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2009. Ọ̀nà ńlá náà kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. A ń bú u nítorí ọkọ̀ ojú irin tí a ṣèlérí pé yóò ti Marina dé Okokomaiko, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ó fi mọ. Èyí náà kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ohun tí í ṣe ti ìgbìmọ̀ wà nínú Àfikún Kẹrin Òfin Ìpìlẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, ilé ìpẹran, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, ìmọ́tótó, kíkó ìdọ̀tí, nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, owó ilé, ìwé àṣẹ ọkọ̀ ojú omi àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó tún ní ìpín nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó jẹ́ gbèsè fún un kò lè sin gbèsè. Alága tí a ń bú nítorí ọkọ̀ ojú irin yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé a kò rí gọ́tà.

Ìyá kan tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ìtòsí ilé mi fi tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta hàn mí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti gbà wọ́n, kò sì sí èyí tí ó mọ ẹni tí ó ni ín. Mo mú wọn lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Akọ̀wé tí mo bá wò wọ́n, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ni ẹ̀fọ́ náà ni?” Mo padà sí ilé. N kò tún padà lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, mo jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí. Ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún un ni pé, “Èmi kọ́ ni mo ni ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ìlú.”

Ẹ̀yin ọba wa àti ẹ̀yin ìjòyè, a kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ ní ẹsẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999 kò fún yín ní àga kankan nínú ìgbìmọ̀ ìlú, a mọ̀ pé ó dùn yín, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba ẹnu yín? Nígbà tí alága tuntun bá wá sí ààfin láti gba ìbùkún, ẹ̀yin ni ẹ ń súre fún un. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé e lórí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ààfin tí ó dákẹ́ lórí owó ìlú kò ní lè sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń ta ilẹ̀ ìlú.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín àwọn ìjòyè. Ẹ̀yin ni ẹ kì í jáde dìbò. Ẹ̀yin ni ẹ ń wí pé òṣèlú dọ̀tí, bí ẹni pé omi gọ́tà tí ó wọ inú ilé yín mọ́. A sì gbọ́ àwọn kan tí ń wí pé àlejò ni ó pọ̀ jù ní Ọ̀jọ́, pé Ìgbò ni ó ni Àlàbá, pé ìlú kò ní olówó ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ẹni tí ó ń san owó ilé àti owó ọjà ní Ọ̀jọ́, ìgbìmọ̀ Ọ̀jọ́ jẹ ẹ́ ní ìdáhùn, ìbáà ṣe Àwórì, Ègùn, Ìgbò tàbí Haúsá. Bí a bá fi ìyà ìgbìmọ̀ lé àlejò lórí, inú olówó tí ń jẹ owó wa yóò dùn púpọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń wò ó mọ́.

Kí ni kí á ṣe? Ẹgbẹ́ wa kò fẹ́ ariwo tí kò ní ìtumọ̀. Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Èkíní: kí àwọn aṣojú wa ní Àbújá mú kí orúkọ Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì wọ inú Òfin Ìpìlẹ̀ pẹ̀lú àwọn 35 yòókù kí a tó tún dìbò gbogbogbòò, ẹni tí kò bá lè ṣe é kí ó má ṣe wá sí ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Bí orílẹ̀-èdè bá sì kọ̀, kí Èkó fi òtítọ́ pa wọ́n pọ̀ mọ́ Ọ̀jọ́ padà, kí a mọ ẹni tí a ó bi léèrè. Ohun tí a kò fẹ́ ni ọmọ tí kò kú tí kò yè.

Èkejì: kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan máa lẹ ìwé owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní oṣooṣù, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2014 fi ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún kí ẹni tí ọ̀ràn bá kàn lè wọlé lọ wo ìwé ìṣirò ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀. A kò bẹ̀ fún ju èyí lọ.

Ẹ̀kẹta: kí àwa fúnra wa má ṣe dúró de ìfẹ́ wọn. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 wí pé ẹnikẹ́ni lè kọ ìwé béèrè ìwé ìjọba láìsọ ìdí rẹ̀, ọjọ́ méje ni a sì fi fún wọn láti dáhùn. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ń wí pé òfin náà kò kan àwọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìjọba títí kan ti ìbílẹ̀. Ìwé kan, sítáǹbù kan, ọjọ́ méje. Ẹgbẹ́ onílé tí ó lè dá owó ra ẹ̀rọ ńlá fún iná lè ra pépà kan.

Ẹ̀kẹrin: kí àwọn ọba àti ìjòyè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko pe ìpàdé gbangba ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún, kí alága àti káńsẹ́lọ̀ wá dúró níwájú ìlú, kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lè na tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sókè kí a sì dá a lóhùn. Òfin kò fún ìpàdé náà ní agbára kankan. Ojú ni ó ní agbára. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ojú ìlú ń wo òun yóò rọra bu ọbẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé a ń tako ìjọba. Rárá o. Ìjọba tí ó wà nítòsí ni a fẹ́. Èyí tí ó jìnnà ti pọ̀ tó. A fẹ́ ìgbìmọ̀ Ìbà ju bí àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ ti fẹ́ ẹ lọ, nítorí pé àwọn fẹ́ àga rẹ̀, àwa fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí a kò bá kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kò bá sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó bá jí i gbé kò ní rí ẹni bi í léèrè. Ẹ̀yin ọmọ Àwórì, ẹ̀yin ará ìlú gbogbo, ẹ dìde kí ẹ lọ kọ orúkọ ọmọ yín.